Owó tẹ́rápì: ṣé tránsífà ni, POS ni, líńkì ni, àbí owó ọwọ́?

Ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi iṣẹ́ ọsibítù sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo gba yàrá kan ní Bódìjà, n’Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo ti ń dá iṣẹ́ tẹ́rápì ṣe báyìí, ìyẹn bíbá àwọn tí ọkàn wọn dààmú sọ̀rọ̀. ₦20,000 ni mò ń gbà fún sẹ́ṣọ̀n kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ gba POS, èkejì ní Paystack layé ń lò, ìyẹn líńkì tí wọ́n fi ń sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọkọ mi ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, kí wọ́n máa san án sí àkáǹtì mi tí mo ti ní tẹ́lẹ̀, pé ọ̀fẹ́ nìyẹn, Paystack á kàn máa gé owó mi ni. Mo tún ní kláyẹ́ǹtì méjì ní London. Èyí tó wá burú jù ni pé ojú máa ń tì mí láti béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán níwájú mi, àwọn kan ti jẹ mí lówó báyìí, mi ò sì lè pè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀?”

Àbúrò mi, o kú ìdáwọ́lé o, Ọlọ́run á jẹ́ kó rọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ìbéèrè méjì lo kó papọ̀ yìí, o kàn ń pe méjèèjì ní ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ti ohun tó yẹ kó o fi máa gba owó, POS àbí líńkì àbí àkáǹtì. Èkejì ni ti ẹnu tí kò lè béèrè owó, èkejì yìí ló sì ń gé owó ẹ, kì í ṣe Paystack. Ìkẹta wà níbẹ̀ tí o ò béèrè rárá, òun gan-an ni mo sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ yìí ṣe: nígbà tí owó yẹn bá kúrò lọ́dọ̀ kláyẹ́ǹtì tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ, ta ni gbogbo ẹni tó máa rí i lọ́nà? Ẹni tó ń ta bàtà kò nílò kó ro ìyẹn. Àwa ò lè ṣe ká má rò ó, torí bí ayé bá mọ̀ pé lágbájá ń san owó fún tẹ́rápísìtì, àṣírí ẹ̀ ti tú ìdajì nìyẹn, kò tíì sọ̀rọ̀ kan síta.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ṣáájì kúrò lọ́nà, òun lariwo ẹ̀ pọ̀ jù. Paystack máa ń yọ 1.5% àti ₦100 lórí owó tí wọ́n bá fi káàdì Nàìjíríà san, wọn kì í yọ ju ₦2,000 lọ bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó. Torí náà ₦20,000 ẹ yẹn á di ₦19,600, ọjọ́ iṣẹ́ kejì ló sì máa wọ àkáǹtì ẹ. POS ní tiẹ̀, 0.5% ni CBN, báńkì àpapọ̀ ìjọba, fi sí i, ₦100 nìyẹn lórí ₦20,000. Tránsífà tí ọkọ ẹ ń pè lọ́fẹ̀ẹ́, òótọ́ ni pé ìwọ kọ́ lo máa san ṣáájì ẹ̀, kláyẹ́ǹtì ni, ₦26.88 tá a jọ mọ̀ yẹn, wọ́n sì tún máa ń gba ₦50 lórí owó tó bá ti tó ₦10,000. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí owó wọlé sí ni wọ́n ń yọ ₦50 yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, láti January 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án. Wá jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ dáadáa. Ká ní o ń rí èèyàn 10 lọ́sẹ̀, tí gbogbo wọn gba Paystack san án, ₦4,000 ló máa lọ lọ́sẹ̀ kan. Ẹnì kan ṣoṣo tó sunkún tán tó ní “màá fi ránṣẹ́ tí mo bá délé”, tí kò sì fi ránṣẹ́ mọ́, ₦20,000 ló gbé lọ, ìyẹn ṣáájì ọ̀sẹ̀ 5 gbáko. Nítorí náà má jẹ́ kí ₦400 gbà ẹ́ lọ́kàn. Ibi tí owó ti ń jò kọ́ nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ń rí i, ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tó ń lọ rí tẹ́rápísìtì kan nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹ̀, mo ti yí ìtàn náà padà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló máa ń bá a ṣe tránsífà torí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ yẹn ló máa tẹ nọ́ńbà àkáǹtì sí i, orúkọ tó sì jáde lórí fóònù gbọọrọ báyìí ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó ní “Trauma” àti “Abuse” nínú. Ọmọ náà ò ní nǹkan kan lọ́kàn, ó ka orúkọ yẹn sókè bí wọ́n ṣe máa ń kà á kí wọ́n tó tẹ “send”, pé “Mọ́mì, ṣé ẹni yìí ni?” Bàbá ọmọ wà nínú pálọ̀. Mi ò nílò kí n sọ bó ṣe parí fún ẹ. Ẹni tó fún ilé iṣẹ́ lórúkọ yẹn rò pé òun ń polówó ọjà ni, kò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá san owó ni orúkọ náà máa jáde lójú áàpù, nínú àlẹ́ẹ̀tì, nínú statement tí ọkọ tàbí ìyàwó lè tẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba fisà.

Nítorí náà tó o bá fẹ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, mú orúkọ tí kò sọ nǹkan kan. Orúkọ ìdílé ẹ pẹ̀lú “Consult” tàbí “Services” ti tó. Ìwọ lè fi ohun tó wù ẹ́ sára pátákó àti Instagram, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì ni kó dákẹ́. Sọ fún kláyẹ́ǹtì pẹ̀lú, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, pé níbi tí wọ́n máa ń kọ narration sí, kí wọ́n má kọ “marriage counselling”, kí wọ́n má kọ “depression”, kí wọ́n kàn kọ ọjọ́ tàbí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn. Á yà ẹ́ lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe máa ń kọ gbogbo ohun tó ń ṣe wọ́n síbẹ̀, àwọn mìíràn á kọ “owó dókítà ọpọlọ”, wọ́n á tún fi àmì ẹ̀rín sí i. Kí ìwọ náà wo fóònù tìẹ. Àlẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé sórí fóònù ẹ, orúkọ kláyẹ́ǹtì ló gbé dání, tí fóònù bá wà lórí tábìlì tí kláyẹ́ǹtì mìíràn jókòó tì, ó ti kà á. Pa á kó má máa hàn lórí fóònù tó bá wà ní títì. Òfin ààbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sí ohun tó gba ààbò pàtàkì, ṣùgbọ́n ká má tíì débi òfin, ìwọ fúnra ẹ mọ ohun tó o ṣèlérí fún wọn nígbà tó o ní “ohun tá a bá sọ níbí, ibí ló máa parí sí.”

Ohun kan tún wà lábẹ́ èyí tí àwọn tó ń kọ́ni nílé ìwé kì í sábà kọ́ wa. Ẹni tó ń sanwó lè má jẹ́ ẹni tó ń jókòó síwájú ẹ. Ọkọ á máa san fún ìyàwó, bàbá á máa san fún ọmọ tó wà ní yunifásítì, ẹ̀gbọ́n á máa san láti Houston fún àbúrò. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síra, fóònù máa dún: “Ẹ káàsán mà, èmi ni mò ń san owó yẹn o, mo kàn ní kí n béèrè, kí ló ń sọ?” Kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé ni kó o ti sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ san án, ní kedere, níwájú kláyẹ́ǹtì tó bá ṣeé ṣe, pé rìsíìtì ni òun máa gbà, ìròyìn ohun tí kláyẹ́ǹtì sọ kò sí níbẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Tí onítọ̀hún ò bá gbà, á dáa kó o tètè mọ̀.

Ìmọ̀ràn ọkọ ẹ wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n má ṣe é. Àkọ́kọ́, tó bá jẹ́ OPay tàbí PalmPay lo ń lò, ìwọ náà mọ̀ pé nọ́ńbà fóònù ẹ ni nọ́ńbà àkáǹtì ẹ, òdo iwájú nìkan ni wọ́n yọ. Ẹni tó bá ti sanwó fún ẹ lẹ́ẹ̀kan ti ní nọ́ńbà tí ìyá ẹ fi ń pè ẹ́ nìyẹn, wọ́n á sì pè é, aago 2 òru ni wọ́n máa pè é. Èkejì, owó ilé, owó dísù, owó dátà, owó tó o ń san fún ẹni tó ń ṣe supervision fún ẹ, ìyẹn àgbà tẹ́rápísìtì tó ń bá ẹ yẹ iṣẹ́ ẹ wò, gbogbo wọn ló yẹ kó o lè tọ́ka sí lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ san owó orí fún ìjọba Ọ̀yọ́. Lábẹ́ òfin tuntun yẹn, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó o bá jèrè lọ́dún kò sí owó orí lórí ẹ̀, ohun tó lé lórí ẹ̀ ni wọ́n máa gba owó orí lé. Èrè ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé. Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe fẹ́ fi èrè hàn wọ́n nígbà tí owó kláyẹ́ǹtì, owó àjọ, owó aṣọ ẹbí àti owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ bá jọ ń sùn nínú àkáǹtì kan? Àkáǹtì bísínẹ́ẹ̀sì lọ́tọ̀ ni. Ọkọ ẹ ò sì gbọ́dọ̀ máa gba àlẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbà á báyìí, àmọ́ mo mọ ilé tí wọ́n ti jọ ń lo áàpù kan náà. Kláyẹ́ǹtì ẹ lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Tó o bá ti lè ṣe é, ní àkáǹtì bísínẹ́ẹ̀sì méjì, ọ̀kan ní bánkì àtijọ́, ọ̀kan ní bánkì orí fóònù. Gbogbo wa ṣì rántí oṣù kejì ọdún 2023 lẹ́yìn tí CBN pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó ọwọ́ di ohun tí à ń tò sí ATM fún láti òru, tí gbogbo ìlú wá já lé tránsífà lórí, tí áàpù àwọn bánkì kan ò sì ṣí mọ́. Owó á ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó gbà á, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan lójú afẹ́fẹ́. Àwọn tẹ́rápísìtì tí ọ̀nà wọn ju ẹyọ kan lọ ṣe iṣẹ́ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú náà ń bẹ, mi ò ní fa ìyẹn gùn: screenshot kì í ṣe owó, ọ̀rọ̀ SMS kì í ṣe owó, ṣí áàpù ẹ kó o wo iye tó wà níbẹ̀.

POS ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, mi ò kórìíra ẹ̀. Tó o bá wà nínú ilé ìwòsàn kan pẹ̀lú dókítà mìíràn, tí ẹnì kan jókòó sí iwájú tó ń gba owó kí wọ́n tó wọlé, POS dáa, àwọn àgbàlagbà fẹ́ràn ẹ̀ torí káàdì ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo wà nínú yàrá yẹn. Fojú inú wò ó: ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú, ó nu ojú ẹ̀, ó dìde, ìwọ sì na ẹ̀rọ sí i. Ó tẹ PIN. “Declined.” Ẹ tún un tẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n ti yọ owó níbẹ̀, ẹ̀rọ ò tẹ rìsíìtì jáde, ó wá di pé ẹ̀yin méjèèjì dúró sẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ń wo fóònù ara yín. Gbogbo ohun tí ẹ fi wákàtí kan kọ́, ẹ̀rọ yẹn ti fọ́n ọn ká. Ẹni tí yóò wọlé tẹ̀lé e sì ti dé, ó ń wo ojú onítọ̀hún. Fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kí ẹ̀rọ wọ yàrá yẹn.

Èyí ló gbé wa dé ibi ìtìjú ẹ. Mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o mọ́kàn le, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn líle. Láàárín wa, ẹni tí ìbànújẹ́ bá dé bá, ìyá àgbà ló máa lọ bá, tàbí pásítọ̀, tàbí ààfáà, tàbí ẹ̀gbọ́n àdúgbò, ìtùnú ò sì lówó lórí lójú wa, ẹni tó bá ń gba owó lórí omijé, bí òṣìkà ló ń rí. Ìyẹn lò ń gbọ́ nínú ara ẹ nígbà tí ẹnu ẹ bá wúwo. Ṣùgbọ́n rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe níwájú babaláwo: ẹni tó wá dífá á mú owó, á gbé e sẹ́nu, á sọ ohun tó ń dùn ún sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á sì gbé e kalẹ̀, babaláwo ò ní gbọ́ ohun tó sọ. Owó ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó pe babaláwo lóṣìkà. Ohun tó ń tì ẹ́ lójú ni àsìkò tí ò ń béèrè. Gbé e síwájú, ìtìjú náà á lọ fúnra ẹ̀, ó kéré tán èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, ìwọ lè yí i padà. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè, kí a tó mú ọjọ́, màá sọ pé: “₦báyìí ni owó ìjókòó kan, ìṣẹ́jú 50 ni. Tó bá ti wọlé ni màá fi àkókò yẹn pamọ́ fún yín, ó pẹ́ tán, ẹ jẹ́ kó wọlé nígbà tí ọjọ́ tá a máa rí ara wa bá ku ọ̀la. Tí ẹ ò bá ní lè wá, ẹ sọ fún mi kó tó ku wákàtí 24, a ó gbé e sọ́jọ́ mìíràn.” Ó parí. Mi ò ní fi “ẹ má bínú” sí i, mi ò ní rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà màá fi nọ́ńbà àkáǹtì àti líńkì ránṣẹ́ pọ̀, kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n. Lọ́jọ́ ìpàdé, owó kì í tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́ nínú yàrá, àfi tó bá jẹ́ pé owó ló ń dà á láàmú. Tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ bá mú èèyàn ní Mọ́kọ́lá, mo máa ń ṣe sùúrù nígbà àkọ́kọ́. Ìgbà kejì, owó ti lọ.

Àwọn tó ti jẹ ẹ́ lówó tẹ́lẹ̀, ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan, kó kúrú, láìsí ẹ̀bi nínú ẹ̀, kó o sì fi kún un pé ilẹ̀kùn ṣì ṣí. Kì í ṣe torí owó náà nìkan. Ẹni tó bá jẹ tẹ́rápísìtì lówó kì í padà wá, ìtìjú ni kì í jẹ́ kó wá, o sì mọ̀ pé àwọn tó nílò ẹ jù ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbígba owó ṣáájú ń gba àwọn náà lọ́wọ́ ìyẹn. Fún ẹni tí agbára ẹ̀ ò ká ₦20,000, ya àyè bíi mélòó kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí owó ẹ̀ kéré, kó o mọ iye tó jẹ́ fúnra ẹ, kó o sì dá owó náà lé kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Má ṣe dúnàádúrà láàárín ìjókòó. Àwọn kan tún máa ń ta ìjókòó 10 pọ̀ lówó pọ́ọ́kú, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí tí kláyẹ́ǹtì bá fẹ́ dúró lórí ìkẹrin, o ti ná owó ìyókù sórí owó ilé.

Líńkì wá ni, Paystack tàbí Flutterwave tàbí irú wọn. Ó wúlò gan-an fún ẹni tó fẹ́ fi káàdì san, kò sì sí ẹ̀rọ kankan nínú yàrá. Ohun mẹ́ta ni kó o ṣọ́ níbẹ̀. Ojú ìwé tí wọ́n ti ń sanwó, má bi wọ́n ní ìbéèrè kankan tó ju orúkọ àti email lọ, mo ti rí èyí tó ń béèrè “reason for visit” lójú ìwé ìsanwó, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Rìsíìtì á lọ sí email, nítorí náà bi wọ́n bóyá email yẹn, àwọn nìkan ló ń ṣí i. Ìkẹta le díẹ̀: ẹni tó fi káàdì san lè lọ bá bánkì ẹ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa owó yẹn, wọ́n á sì ní kí ìwọ wá fi ẹ̀rí hàn pé o ṣiṣẹ́, wọn kì í fúnni lákòókò púpọ̀. Ìdágìrì máa ń mú àwọn èèyàn níbẹ̀, wọ́n á fẹ́ fi ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa kláyẹ́ǹtì ránṣẹ́. Má dán an wò láéláé. Ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí àti ọjọ́ tẹ́ ẹ ríra nìkan lo lè fi hàn, tí ìyẹn ò bá tó wọn, jẹ́ kí ₦20,000 máa lọ.

Owó ọwọ́ ńkọ́? Gbà á. Àwọn kan wà tí owó ọwọ́ nìkan ni ààbò wọn, obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń ka statement ẹ̀ oṣooṣù, òun ni mo máa ń rántí tí àwọn ọ̀dọ́ bá ní “cashless nìkan ni mo ń ṣe”. Kọ rìsíìtì fún un pẹ̀lú nọ́ńbà dípò orúkọ, fún un tó bá fẹ́ ẹ, má fi dandan lé e kó mú un lọ sílé, kó owó náà lọ sí bánkì lọ́sẹ̀ yẹn, kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti owó yòókù. Àwọn HMO, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ìbánigbófò ìlera, àti ilé iṣẹ́ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ wọn á wá bá ẹ tó bá yá, èmi á ní kó o sinmi ná lórí HMO, wọ́n máa ń fẹ́ mọ orúkọ àìsàn kí wọ́n tó sanwó, owó náà sì máa ń pẹ́. Ilé iṣẹ́ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni kó wà lórí ìwé owó tó o bá kọ sí wọn, kì í ṣe orúkọ òṣìṣẹ́, tí wọ́n bá sì yọ withholding tax, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń bá ìjọba yọ, kí wọ́n tó san án, gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀.

Àwọn méjì tó wà ní London nìkan ló kù. Líńkì yẹn náà ló rọrùn jù, káàdì òkèèrè máa ń gba 3.9% àti ₦100, ìyẹn ₦880 lórí ₦20,000. Wọ́n lè fi LemFi tàbí Sendwave ránṣẹ́ ní náírà, ó máa ń tètè dé, ó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn, àmọ́ kà á dáadáa bóyá áàpù náà gbà pé kí èèyàn fi sanwó iṣẹ́, torí pé fífi owó ránṣẹ́ sílé ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Wáyà sí àkáǹtì dọ́là tàbí pọ́n-ùn kò yẹ owó kékeré, ṣáájì á jẹ ẹ́ tán. Má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ ẹ tó wà níbẹ̀ máa bá ẹ gba owó náà pamọ́ o. Gbogbo Yorùbá Peckham ló mọ ara wọn. Owó tí wàá sọ fún wọn, dá a lé ní pọ́n-ùn tàbí kó o máa tún náírà ẹ̀ wò déédéé, ìwọ náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà láti June 2023 tí wọ́n ti tú u sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ti kọjá ₦1,500 kí ọdún kejì tó parí.

Kí o tó máa gba owó wọn lọ ni kó o ti bi ara ẹ bóyá o láṣẹ láti tọ́jú wọn níbi tí wọ́n wà. Ní Britain, ẹnikẹ́ni lè pe ara ẹ̀ ní “counsellor” tàbí “psychotherapist”, òfin ò dì í mú, ṣùgbọ́n “clinical psychologist”, HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera sílẹ̀ níbẹ̀, ló ń ṣọ́ ọ, o ò gbọ́dọ̀ fi ṣe orúkọ fún wọn láìforúkọ sílẹ̀. Tí ẹnì kan nínú wọn bá kó lọ Amẹ́ríkà lọ́la, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láísẹ́ǹsì tiẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò kì í ṣe akáǹtáǹtì, iye ṣáájì tí mo kọ síbí náà sì lè yí padà, wò ó lójú ìwé wọn fúnra ẹ kó o tó fi dá owó lé.

Tí mo bá wà ní ipò ẹ nísìnyí, àkáǹtì bísínẹ́ẹ̀sì tó ní orúkọ jẹ́jẹ́ ni màá kọ́kọ́ ṣí, tránsífà sí i ni màá fi ṣe ọ̀nà àkọ́kọ́, líńkì á tẹ̀ lé e fún àwọn ará London àti ẹni tó bá fẹ́ káàdì, owó ọwọ́ fún ẹni tó bá nílò ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ṣáájú ìjókòó, POS á dúró di ìgbà tó o bá ní ẹni tó ń jókòó síwájú. Tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá bá ẹ, o lè ní láti yí i padà, ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Nígbà tó o bá sì fẹ́ sọ fún àwọn tó wà nílẹ̀ pé àkáǹtì ti yí padà, má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lójijì, wọ́n á rò pé àwọn yahoo ti gba fóònù ẹ ni. Sọ ọ́ fún wọn lójúkojú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó tó ń bọ̀, kó o sì béèrè nígbà yẹn kan náà pé ta ló tún ń rí àlẹ́ẹ̀tì yín nílé.